Bí Skateboard Yín Ṣe Máa Bá Yín Jókòó Nínú Bàlúù, Tí Kò Ní Wọ Ikùn Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: tí a bá ní ká tẹ̀lé ohun tó wà nínú ìwé, skateboard, ìyẹn pákó onítáyà mẹ́rin tí à ń dúró lé lórí gùn, gùn ju ẹrù ọwọ́ lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń gùn máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 80, ìyẹn ìnṣì 31 tàbí 32. Ìwọ̀n ẹrù ọwọ́ tí àwọn iléeṣẹ́ bàlúù ńlá ńlá Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ ni ìnṣì 22 ní gígùn, 14 ní ìbú, 9 ní jíjìn. Ti Yúróòpù kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 55 tàbí 56 lọ ní gígùn. Bó ṣe wù kí ẹ ṣírò rẹ̀ tó, pákó yín á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 gùn jù.

Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń gbé e wọlé, tí wọ́n ń tì í sínú àpótí òkè orí ìjókòó, tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn fa nǹkan kan. Ìdí ni pé pákó náà tẹ́ pẹlẹbẹ. Kò gba àyè tó ìdajì èyí tí àpótí onítáyà ń gbà. Òṣìṣẹ́ tó bá wò ó, tó rí i pé kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, máa ń gbójú kúrò. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ jẹ́ kí ó rọrùn fún un láti gbójú kúrò. Ohun tí gbogbo èyí tí mo fẹ́ sọ yìí dá lé nìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹnu méjì ló gbọ́dọ̀ gbà fún yín. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn elétò ààbò pápákọ̀. Àwọn yẹn kò bìkítà nípa gígùn, ohun tí èèyàn lè fi ṣe ẹlòmíràn léṣe ni wọ́n ń wá. Ìkejì ni ti iléeṣẹ́ bàlúù, tí tiwọn jẹ́ àyè àti ìwọ̀n. Ẹ lè rí ojúure ẹnu kan kí èkejì sì dá yín padà.

Ní Amẹ́ríkà, ti àkọ́kọ́ rọrùn. TSA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń yẹ èrò àti ẹrù wò ní pápákọ̀ wọn, kọ ọ́ sínú àtòkọ wọn pé skateboard lè bá èèyàn wọlé, ó sì lè wọ ikùn bàlúù, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù ńlá sí, pẹ̀lú, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ló ní àṣẹ ìkẹyìn. Níbòmíràn, ẹ má fọkàn sí i tó bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, igi kíríkẹ́ẹ̀tì àti igi bésíbọ́ọ̀lù kò lè bá èrò wọlé, torí pé wọ́n kà wọ́n mọ́ ohun tí èèyàn lè fi na ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fojú kóńdó wo pákó yín lè sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Nítorí náà, pápákọ̀ tí ẹ máa gbà lọ àti èyí tí ẹ máa gbà bọ̀ ni kí ẹ bi léèrè. Iléeṣẹ́ bàlúù nìkan kò tó.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà bèèrè ṣe pàtàkì ju bíbéèrè náà lọ. Ẹ má kàn bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ máa ń gba skateboard?” Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, inú yín á dùn, ẹ ó dé pápákọ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé ikùn bàlúù ni “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn ń sọ. Báyìí ni kí ẹ kọ ọ́: “Skateboard mi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80, ó fẹ̀ tó 21, ó wọn kílò 3, ó sì wà nínú àpò. Ṣé mo lè gbé e wọlé dípò àpótí ọwọ́?” Ọ̀rọ̀ “dípò” yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ fi kún ẹ̀tọ́ yín, ẹ kàn fẹ́ pààrọ̀ ẹrù kan fún òmíràn. Ẹ bèèrè lórí ohun tí wọ́n á fi kọ̀wé dá yín lóhùn, kì í ṣe lórí fóònù, kí ẹ sì tọ́jú àwòrán ìdáhùn náà síbi tí ẹ ti lè rí i láìsí dátà. Mo ti dúró rí níwájú tábìlì kan tí mò ń fi fóònù wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lókè lódò, tí èrò tó wà lẹ́yìn mi ń pòṣé.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ kílò tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń fún èèyàn ní kílò 7 fún ẹrù ọwọ́. Skateboard tó pé, pákó, irin méjì tó di táyà mọ́ abẹ́ rẹ̀, táyà àti gbogbo ẹ̀, ń súnmọ́ kílò 3. Ó ku mẹ́rin péré. Bàtà tí ẹ fi ń gùn ún, ẹ wọ̀ ọ́ rìnrìn àjò ni, ẹ má dì í mẹ́rù.

Èyí tó ní bátìrì

Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo iná ni tiyín, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, bátìrì lithium rẹ̀ ló máa pinnu. Èyí tí kò ju 100 Wh (watt-hour, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) lọ lè bá yín wọlé. Láàárín 100 sí 160, iléeṣẹ́ bàlúù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Tó bá ti lé ní 160, kò wọ bàlúù èrò rárá, ì báà jẹ́ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ nínú ikùn. Tí ẹ kò bá rí Wh lára bátìrì, ẹ wo V (volt) àti Ah (ampere-hour), kí ẹ sọ ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú èkejì: 36 V lọ́nà 4 Ah jẹ́ 144. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà ju 160 lọ dáadáa. Kódà nígbà tí iye rẹ̀ bá dára, àwọn iléeṣẹ́ kan kì í fẹ́ rí i sójú. Láti ìparí ọdún 2015, nígbà tí hoverboard, pákó oníná onítáyà méjì yẹn, ń gbiná níbí lọ́hùn-ún, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ohunkóhun tó jọ ọ́. Ẹ fi tiyín sílé.

Àpò rẹ̀

Táyà tó hàn síta ló ń kó bá èèyàn. Ẹni tó rí táyà ti rí ohun tó lè yí, tó lè já lu ẹni tó jókòó, tó sì lè fi ẹrẹ̀ kun àpò ẹlòmíràn. Àwọn iléeṣẹ́ kan tiẹ̀ sọ ọ́ ní pàtó pé kí àpò bo táyà náà. Lójú tèmi, ẹ bò ó bí wọ́n sọ, ẹ bò ó bí wọn kò sọ.

Ẹ kò ní láti ra àpò olówó ńlá. Mo kó jíǹsì bàbá mi méjì tó ti gbó lọ bá télọ̀ àdúgbò wa, mo sì gbé skateboard náà dání kó lè wọ̀n ọ́n. Ó gbé e yípo, ó fìka ta táyà kan, ó ń wò ó bó ṣe ń yí lọ láìdúró.

“Ṣé gìtá ni?”

Mo ní rárá sà, ohun tí mò ń dúró lé lórí ni. Ó tún wo táyà náà, ó wo orúnkún mi tó bó, kò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ìwọ̀n tó lò ni sẹ̀ǹtímítà 85 ní gígùn, 25 ní ìbú, 15 ní jíjìn. Ó fi síìpù sí i láti orí dé ìdí, ó fi okùn èjìká kan sí i, ó sì fi fóòmù tínínrín sí orígun méjèèjì níbi tí imú àti ìdí pákó máa ń wà. Ẹ má jẹ́ kó fi fóòmù yí gbogbo rẹ̀ ká o. Bí àpò bá ti wú, àǹfààní pẹlẹbẹ yín ti lọ nìyẹn.

Kí ẹ tó tì í wọ inú àpò, ẹ fi ankara àlòkù tàbí táwẹ́ẹ̀lì bo ojú pákó níbi tí sáńpépà dúdú yẹn wà. Sáńpépà gidi ni. Ó ń họ ara àpótí, ó ń tú aṣọ lówùú, bí ẹ bá sì fi í ti ara yín lọ nínú èrò, ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ sí yín.

Àwọn kan fẹ́ràn àpò ẹ̀yìn tó ní bẹ́líìtì méjì, tí wọ́n á de pákó mọ́ ọn lóòró. Ó dára lójú títì. Nínú bàlúù, gbogbo ìgbà tí ẹ bá yíjú ni imú pákó máa ń wá orí ẹni tó ti jókòó lọ. Tí ẹ bá máa lò ó, ẹ tú pákó náà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì gbá a mọ́ àyà wọlé.

Ṣé kí ẹ tú u ni, àbí kí ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà?

Tí iléeṣẹ́ bàlúù bá ti gbà á lódindi, ẹ má tú u. Títú kò dín gígùn pákó kù. Ohun tó ń dín kù ni jíjìn rẹ̀, láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 sí bí ìwé atúmọ̀ èdè kan.

Ibi tí títú ti wúlò ni ìgbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé rárá. Nígbà náà, pákó nìkan ló máa wọ ikùn bàlúù, nínú àpótí ńlá, láàárín aṣọ. Irin méjèèjì àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bá yín wọlé nínú àpò kékeré. Àwọn ló wọ́nwó jù, pákó kì í pẹ́ gbó lọ́nàkọnà. Mo mọ ẹni tí kì í gbé pákó rìnrìn àjò rárá: irin àti táyà nìkan ló ń gbé, ó ń ra pákó tuntun ní ìlú tó bá dé sí.

Bóòtù mẹ́jọ ni ẹ máa tú, mẹ́rin fún irin kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi síkúrúdíráífà di orí bóòtù mú láti òkè, kí ẹ sì fi sípánà yí nọ́ọ̀tù láti ìsàlẹ̀. Ìnṣì mẹ́ta lórí mẹ́jọ (3/8) ni nọ́ọ̀tù yẹn. Sípánà 10 tí àwọn mẹkáníìkì wa ń lò máa ń yọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀, tí ẹ bá sì fi agbára fà á, ó máa jẹ gbogbo igun nọ́ọ̀tù náà tán, á wá di róbótó. Ẹ wá èyí tó bá a mu gan-an. Ti nọ́ọ̀tù tó di táyà mú jẹ́ 1/2, sípánà 13 lè ṣe ìyẹn láìsí wàhálà. Nínú nọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí òrùka ráàbà líle kan. Òun ni kì í jẹ́ kó tú fúnra rẹ̀ nígbà tí pákó bá ń gbọ̀n. Bí ẹ bá ti tú u, tí ẹ tún dè é lọ́pọ̀ ìgbà, ráàbà yẹn á jẹ, ẹ ó sì lè fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tù náà. Tó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí bóòtù má baà sọnù, ẹ kó wọn sínú àpò aṣọ kékeré, kí ẹ so ó mọ́ irin.

Irinṣẹ́ yẹn gan-an ni ẹ máa ṣọ́ra fún. TSA gba irinṣẹ́ tí kò ju ìnṣì 7 lọ wọlé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pá rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ bá ti gùn ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, wọn kò gbà á. Pápákọ̀ kan ti gba tèmi rí, èyí tí mo ti ń lò láti ọdún tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí i bó ṣe bọ́ sínú agbada ike láàárín àwọn àlùmágàjí àti ìgò òórùn dídùn, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe. Láti ọjọ́ náà, inú ẹrù tó ń wọ ikùn bàlúù ni mò ń fi í sí, tàbí kí n má mú un rárá. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń gun skateboard tí ẹ kò ní rí ẹni tó máa yá yín.

Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, òróró bíárìn (irin róbótó inú táyà tó ń jẹ́ kó yí) tí ẹ bá gbé lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ ju mìlílítà 100 lọ. Ásítóònì tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́, ẹ má gbé e súnmọ́ pápákọ̀, ó ń gbiná. Àbẹ́là tí ẹ fi ń pa etí bẹ́ǹṣì kó lè yọ̀ kò ní wàhálà kankan.

Lẹ́nu ẹ̀rọ

Ẹ dé lásìkò. Ẹ gbé e, ẹ má gùn ún, bó ti wù kí ilẹ̀ pápákọ̀ náà máa dán tó. Mo mọ̀ pé ó ń pè yín.

Ẹ má fi pákó sí orí tàbí inú àpò mìíràn nígbà tí ẹ bá ń kó ẹrù sínú ẹ̀rọ. Irin abẹ́ rẹ̀ nípọn, ìtànṣán ẹ̀rọ kì í là á kọjá dáadáa, ohun tó ṣú dúdú kan ni òṣìṣẹ́ máa rí, ohunkóhun tó bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ti fara pamọ́ nìyẹn. Wọ́n á tú gbogbo ẹrù yín. Ẹ jẹ́ kó lọ ní òun nìkan, kí síìpù àpò rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí díẹ̀ kó má baà pẹ́ láti wò.

Ní Èkó, tí ẹ bá sọ pé síkéètì, bàtà onítáyà tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ ló ń wá sọ́kàn èèyàn. Ẹ múra láti ṣàlàyé. Nígbà tí mò ń lọ sí Accra, ìyá kan tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ní Ìkẹjà gbé àpò mi sókè, ó ní:

“Ọmọ mi, kí lèyí?”

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Skateboard ni mà. Ohun ìṣeré ni.”

“Ta ló ń fi ṣeré?”

“Èmi ni mà.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?” Ó ní kí n ṣí i. Mo ṣí i, mo fi táyà hàn án, mo ní kó fọwọ́ yí i. Ó yí i, ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wò ó. Mo ti kọjá kí wọ́n tó parí eré táyà náà.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí mo bá ti ní “ṣé ẹ ò mọ skateboard ni?”, ibẹ̀ ni ǹ bá wà dòní. Ẹ má fi òfin TSA ka ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti TSA. Ẹ pè é ní ohun ìṣeré tàbí ohun eré ìdárayá, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Nínú bàlúù

Ẹ gbìyànjú láti wọlé ṣáájú kí àpótí òkè tó kún. Nínú bàlúù bíi Boeing 737 tàbí Airbus A320, àpótí yẹn gùn tó láti gba pákó ní ìbú. Ẹ dá a dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, kí ojú sáńpépà kọjú sí ògiri ẹ̀yìn pátápátá, kí àwọn ẹlòmíràn lè ti àpótí wọn sí iwájú rẹ̀. Tí ẹ bá máa tẹ́ ẹ, táyà ni kó wà lókè. Bí ẹ bá fi táyà sísàlẹ̀, ìgbà tí bàlúù bá dorí kọ ilẹ̀ ni ẹ máa gbúròó rẹ̀, gììrì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin àpótí. Abẹ́ ìjókòó kò gbà á, àyàfi tí tiyín bá jẹ́ èyí kékeré onírọ́bà tí kò ju ìnṣì 22 lọ. Tẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò púpọ̀, irú ìyẹn ló dáa jù, torí pé gígùn rẹ̀ kò kọjá ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ẹ tètè yẹ irú bàlúù tó ń gbé yín wò. Láàárín àwọn ìlú wa, ẹ lè bá Embraer 145 pàdé: ìjókòó bíi 50, ẹyọ kan lápá kan, méjì lápá kejì. Àpótí òkè rẹ̀ kéré gan-an, apá kan ṣoṣo ló sì wà. Kódà àwọn tó gbé àpótí onítáyà tó bófin mu ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má bá wọn jà.

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú wọn, ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n so mọ́ ọn, kí ẹ sì bèèrè ìbéèrè kan péré: “Ṣé ẹsẹ̀ bàlúù ni mo ti máa gbà á, àbí níbi tí ẹrù ti ń yí?” Lọ́jọ́ kan tí n kò bèèrè, mo dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn fún bí ogún ìṣẹ́jú, tí skateboard mi ń yí kiri lórí ẹ̀rọ ẹrù ní òdìkejì ilé. Wọ́n ti kó gbogbo ẹrù tán, òun nìkan ló kù, ó ń yí.

Bí ẹ bá ti balẹ̀

Ní Accra, Freedom Skatepark, pápá tí wọ́n kọ́ fún gígun skateboard, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ló ń fa ọ̀pọ̀ wa lọ, torí pé ọkọ̀ òfuurufú wákàtí kan péré ni. Kí ẹ tó gun orí pákó níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí bóòtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò, ẹ mi irin méjèèjì, kí ẹ sì gbé e sétí kí ẹ yí táyà kọ̀ọ̀kan. Tí bíárìn bá ń dún ṣéréṣéré, eruku ti wọ̀ ọ́. Tí irin bá ń mì, ẹ dè é kó le dáadáa, àmọ́ kí orí bóòtù má rì wọnú pákó.

Ìdáhùn tí iléeṣẹ́ tó gbé yín lọ fún yín kò de iléeṣẹ́ tó máa gbé yín bọ̀. Ẹ tún bèèrè. Mo lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mò ń bọ̀, iléeṣẹ́ mìíràn gbé àpò jíǹsì bàbá mi sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ní ó fi kílò kan lé. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tí mo dì sínú rẹ̀, mo wọ̀ ọ́ lórí èyí tó wà lọ́rùn mi, nínú ooru Accra, wọ́n sì ní kí n máa kọjá lọ.